Gẹ́gẹ́ bí Ìfẹ́ Aláìsàn

Wọ́n jẹ́ kí ojú kan ṣoṣo tí ó kù fún ìyá mi fọ́, nítorí pé ó dá wọn lóhùn bí ọmọlúàbí.

Mo ti kọ gbólóhùn yẹn ní èdè Faransé lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ibi mẹ́ta. Kò sí èsì. Mo wá ń kọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà yìí, nítorí inú èdè yìí ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí yóò kà á kò nílò kí n ṣàlàyé bí àgbàlagbà ṣe lè máa ní "a dúpẹ́" nígbà tí iná ń jó o lẹ́sẹ̀.

Òwú, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti sípù ni ìyá mi ń tà ní ọjà Atakpamé, láti ìgbà tí bàbá mi ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn télọ̀ ń ti Anié àti Moretan wá bá a. Télọ̀ yóò mú àjákù aṣọ kan wá tí kò ju èékánná lọ, ìyá mi yóò wò ó fìrí, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, òwú tí yóò mú jáde kò ní fi ibì kankan yàtọ̀ sí aṣọ náà. Kì í ṣe idán. Ojú ni. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ líísè, ilé ìwé girama wa, ní ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń ṣẹ́ tí ó bá wọ inú omi, bí ó ṣe ń balẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Mo lè ya ojú sí pátákó láìwo ìwé. Ìmọ̀ yẹn kò ṣe ìyá mi ní àǹfààní kankan.

Ojú òsì rẹ̀ ti lọ kí a tó mọ̀ pé àrùn ni. A ní ojú arúgbó ni. Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo férémù ilẹ̀kùn.

"Ta ló tẹ igi yìí?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Ó wọ́. Àárín rẹ̀ ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ṣé o fọ́jú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sílẹ̀ kí n tó mú un lọ sí ibì kankan. Bí mo bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, kí n ka tèmi mọ́ ọn: àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ilé ìtọ́jú ojú kan wà ní ìlú wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tí ó ni ín mọ ara wọn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni dókítà kan máa ń ti Lomé wá síbẹ̀ pẹ̀lú oògùn nínú àpótí yìnyín. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì ṣàlàyé fún mi yékéyéké. Ó ní ní ẹ̀yìn ojú, ní ibi gan-an tí a fi ń rí ohun tí a bá tẹjú mọ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò dára ti hù jáde, wọ́n sì ń jò. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú ẹyinjú ni yóò dá jíjò náà dúró. Kò ní wo àrùn náà tán, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un gún. Bí àlàfo bá pẹ́ jù, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ibi tí ó bá sì ti di àpá kò ní ríran mọ́ láéláé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo kà á padà fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé àwọn kò mọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n kán oògùn tí ń mú ojú kú tipiri, wọ́n fi omi pupa fọ ọ́, wọ́n fi aṣọ bo gbogbo orí rẹ̀ àfi ihò kékeré kan, wọ́n sì fi irin kan la ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ó má lè ṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ náà kò pẹ́ ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a délé, mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Abẹ́rẹ́ yẹn? Abẹ́rẹ́ ni mo ń tà. Aṣọ tí wọ́n dà bò mí lórí ni n kò fẹ́. Wọ́n ti ń sin mí, n kò sì tíì kú."

Ọjọ́ yẹn ni mo bi í ní ohun tí ó fẹ́. Mo jókòó tì í, mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní bí àwọn dókítà bá ti ṣe é náà ló dára. Mo gbé ohùn mi sílẹ̀, mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ wá jáde. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gún òun lóṣooṣù, láìfi oṣù kankan fò, bí ó ti wù kí ó dun òun tó. Ó fẹ́ kí ẹnì kan máa sọ fún òun kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, nítorí ohun tí èèyàn kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni ó ń bani lẹ́rù. Ó sì fẹ́ kí n máa di òun lẹ́sẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́, nítorí ọwọ́ ni òun yóò fi máa ka tẹ̀sùbáà lábẹ́ aṣọ.

Èmi ni mo ní bóyá kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù, pé lóṣooṣù ti pọ̀ jù fún arúgbó. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀yìn ọjà wa níhìn-ín ni ibẹ̀. Kí ìrẹsì tó jinná mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ojú mi ni mo ń tọ́jú, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ṣé ìwọ ni yóò máa ka àwọ̀ òwú fún mi tí mo bá fọ́jú tán? Ìwọ tí o ń wọ búlúù lórí àwọ̀ ewé?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Faransé, ojú ìwé kan péré, láìsí àsọdùn. Ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí ìwé tí ó mọ̀ nìyẹn. Mo fi lé olórí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó kí mi, ó ní ohun tí ó dára ni, ó fi í sínú fáìlì.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́ta, férémù ilẹ̀kùn tún gún gbọọrọ. Ìyá mi tẹjú mọ́ mi láàárín ọjà, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Áà! Irun funfun rẹpẹtẹ! Kí ojú mi má là ì bá sàn fún ọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé èmi náà rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹrin ni nǹkan yí padà. A dé ibẹ̀, a bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé ẹni tí ó bá sin aláìsàn wá kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Wọ́n sì ti ní ìwé ìbéèrè tuntun kan, tí wọ́n ní àwọn fi fẹ́ mọ ohun tí aláìsàn ń fẹ́. Mo yọ̀ sí ìyẹn, ẹ dákun. Mo rò pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni ó ń béèrè. Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ wa níhìn-ín ni, láti apá Anié. Èdè Ifẹ̀ tirẹ̀ àti Yorùbá tiwa kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n, ó sì ti ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ ìyá mi rí. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá mi sọ ní kedere. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi náà gbọ́.

"Mama, ẹ káàárọ̀ o. Ojú ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Ó ń ṣe dáadáa."

"Ṣé kì í dùn yín?"

"Kí ni yóò dùn mí? Ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run yóò bá yín tọ́jú tiyín."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí á fi àyè sí i díẹ̀, kí ẹ lè máa sinmi?"

"Bí ẹ bá ṣe rí i, ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó sàmì mẹ́ta sí ìwé, ó pe ẹni tí ó kàn.

Ìkíni ni wọ́n kí ìyá mi, ìkíni ló fi dáhùn. Ta nínú wa ni wọ́n bi pé "ilé ńkọ́" tí ó kọ́kọ́ dáhùn pé ilé ti jó? A ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ilé jó yóò wá àga, yóò jókòó, yóò tún un bi. Ọmọbìnrin yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ń ṣe ní Anié. Ṣùgbọ́n àga gbọọrọ tó wà níta kún fún èèyàn, ó sì fẹ́ parí kí ó tó di ọ̀sán.

Ó yẹ kí wọ́n wo ojú náà dípò kí wọ́n kí i. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ẹ̀yìn ojú ti bàjẹ́, wọ́n ń retí ẹ̀yà kan láti Lomé. Pátákó tí wọ́n fi ń dán ojú wò, lẹ́tà Faransé ni ó wà lórí rẹ̀. Ìyá mi kò mọ lẹ́tà Faransé, wọ́n wá kọ ọ́ pé "kò mọ̀wé", wọ́n fi àyè ìdánwò náà sílẹ̀ lófìfo. Obìnrin tí ó ti ka Kùránì tán kí wọ́n tó bí àwọn tí ó kọ ọ́! Pátákó kejì tún wà, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò mọ lẹ́tà, tí aláìsàn yóò kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí àmì kọjú sí. Mo rí i. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi í sí, ó kọjú sí ògiri. Nítorí náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní lórí ìlera ojú ìyá mi lọ́jọ́ náà ni "a dúpẹ́".

Wọ́n gún un. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí wọ́n tó gún. Ó jáde, ètè rẹ̀ bẹ́ níbi tí ó ti fi eyín tẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ní kí n lọ sinmi oṣù mẹ́ta," ni ó wí.

Mo kọjá ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, mo lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní kí ó ṣí fáìlì. Ó ṣí i. Níwájú rẹ̀ gan-an ni ìwé ìbéèrè náà wà: ojú ti sàn, kò sí ìrora, aláìsàn fẹ́ kí àlàfo gùn sí i nítorí ọ̀nà jíjìn.

"Ọ̀nà jíjìn wo? Láti ilé wa mo ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ yín."

"Màdáámù, ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sọ nìyẹn. Àwọn ará Elavagnon, àwọn ará Moretan. Ọ̀nà ń dà wọ́n láàmú."

"Ṣé ará Elavagnon ni ìyá mi?"

"Ìyá yín fúnra wọn ló dáhùn. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ojú náà ni?"

Mo béèrè ìwé tí mo kọ, èyí tí ìyá mi fọwọ́ sí. Ó yẹ fáìlì wò títí, kò sí nínú rẹ̀. Orí tábìlì ni a ti rí i. Ẹnì kan ti yí i padà, ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó mọ́ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa gún lọ́jọ́ náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ni ẹnì kẹfà.

Ẹnu mi ṣí láti pariwo. Ìyá mi ti tọ̀ mí wọlé, ó fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn.

"Dákẹ́. Má bá ẹni tí yóò fi abẹ́rẹ́ gún mi lójú jà."

Mo dákẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mama gbọ́n ju tíṣà lọ."

Kí oṣù kejì tó pé, télọ̀ kan da òwú padà sí ọwọ́ ìyá mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Ìyá, dúdú lẹ fún mi. Búlúù ni mo ní. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lù mí ni?"

"Búlúù nìyẹn."

"Búlúù ti òru ọjọ́ wo?"

Obìnrin tí ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá olówùú, ẹ máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò." Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó gba òwú padà, ó sì nawọ́ mú òmíràn. Dúdú tún ni.

Kò sọ fún mi. Ìdí Kùránì ni mo ti mọ̀. Ó máa ń kà á lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ó ti mọ ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó máa ń ṣì í lọ́kàn, tí ó gbọ́dọ̀ wo ìwé kí ó tó kọjá. Lọ́jọ́ yẹn ó dé ibẹ̀, ó dúró. Ó súnmọ́ ìwé, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí adìẹ tí ń wo ọkà. Ó pa ìwé náà dé.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti ìgbà tí igi ilẹ̀kùn ti tún wọ́."

Ọjọ́ tí dókítà wá láti Lomé ní oṣù náà, mo gba àyè nílé ìwé, mo mú un lọ. A jókòó láti àárọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Mo ní ojú kì í ka ọjọ́. Mo ní kí dókítà kàn wò ó, kí ó má gún un. Wọ́n ní dókítà ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin Anié yẹn wá jáde sí wa, ó tẹ eékún díẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Mama, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo ni ojú?"

Ìyá mi gbé ojú sókè sí ibi tí ohùn náà ti wá. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé kò rí ojú ọmọ náà, pé òkùnkùn roboto kan ni ó wà níbi tí ó yẹ kí imú àti ẹnu wà.

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Màmá!" Mo pariwo débi pé gbogbo àwọn tó jókòó yíjú sí wa. "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn! Ẹ sọ pé ẹ kò ríran!"

Ó yíjú sí mi, inú bí i gidigidi.

"Ṣé kí n sọ pé n kò dúpẹ́ ni? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

"Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín," ni ọmọbìnrin náà wí fún mi. Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ya lẹ́yìn ojú náà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta tiwọn pé, dókítà wò ó pẹ̀lú iná tí ó so mọ́ orí. Ó wò ó títí. Ó jókòó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní àpá ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí oògùn yóò ṣe sí i mọ́. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ní èdè Faransé, èyí tí mo ń gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń fọ abọ́ tàbí tí mo bá ń kọ sí pátákó: "Kí ló dé tí kò sọ?"

Mo tú u fún ìyá mi, nítorí pé mo fẹ́ kí ẹnì kan dáhùn. Ó yíjú sí ibi tí ohùn dókítà ti wá.

"Ta ló bi mí?"

Wọ́n fún wa ní ìwé tí wọ́n fi parí ìtọ́jú. Gbólóhùn kan wà láàárín rẹ̀ pé a fi àlàfo sí abẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ aláìsàn. Mo kà á sókè nílé. Ìyá mi ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ìwọ tí o kàwé," ni ó wí, "ìwé ìfẹ́ mi tí o kọ ọjọ́sí, ta ni o kọ ọ́ fún?"

Ìyá mi ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ òwú wò bí ẹni pé ọwọ́ lè mọ àwọ̀. Àwọn télọ̀ ń mú òwú fúnra wọn, àwọn kan ń kí i kí wọ́n tó mú, àwọn kan kì í kí i. Bí èmi bá dúró síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó máa ń bi mí pé ta nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtọ́jú náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rán dókítà wá, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè yẹn ní Lomé, ẹ dá mi lóhùn. Ta ni ó yọ ìwé tí ìyá mi fọwọ́ sí kúrò nínú fáìlì rẹ̀? Ta ni ó kọ "ọ̀nà jíjìn" fún obìnrin tí ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà? Ta ni ó gbà pé kí wọ́n sún abẹ́rẹ́ síwájú fún ojú tí ẹnikẹ́ni kò dán wò, tí wọn kò ya àwòrán rẹ̀? Nígbà tí a jókòó síta láti àárọ̀, tí dókítà wà nínú ilé, ta ni ó ní kí wọ́n má pè é? Ará Elavagnon mélòó, ará Moretan mélòó, ni ó tún wà nínú àwọn fáìlì yín tí ẹ ti fi "a dúpẹ́" wọn sún síwájú, tí wọ́n jókòó sílé báyìí, tí igi ilẹ̀kùn ń wọ́ lójú wọn? Ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n kí oṣù yìí tó tán. Ẹ sì kọ èsì tèmi sílẹ̀, kí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní kí n kà á sókè fún òun bí ó bá dé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n má fo ọ̀rọ̀ kankan.